Àpilẹ̀kọ ìlera olójú-ewé mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n fi ṣe síláìdì: kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè, láti Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń ṣèpàdé lóṣooṣù, alága sì ti ní kí a máa fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ ìlera kí ọ̀rọ̀ owó àjọ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ kọ àpilẹ̀kọ olójú-ewé mẹ́rin lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti iyọ̀, iṣẹ́ gidi ni. Èmi tí mo mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ di síláìdì. Mo da ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí síláìdì kan, ó di mẹ́tàlélógún, lẹ́tà rẹ̀ wá rí wínníwínní. Àbúrò mi ní kò sẹ́ni tó máa kà á, kí n kó ọ̀rọ̀ kúrò kí n gbé àwòrán ńláńlá sí i. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá yọ gbólóhùn kan péré, kì í ṣe iṣẹ́ òun mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

* * *

Àwọn méjèèjì ni kí ẹ gbọ́ tiwọn, àmọ́ ohun tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn yàtọ̀. Àbúrò yín mọ ìwọ̀n tí ojú lè gbé. Nọ́ọ̀sì mọ gbólóhùn tó jẹ́ pé bí a bá fò ó, ẹnì kan lè fara kó o. Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni pé iṣẹ́ síláìdì àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kò jọra. Ẹni tó ń ka àpilẹ̀kọ lè dúró, ó lè padà sẹ́yìn, ó lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì, ó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà ná. Ẹ tẹ àpilẹ̀kọ náà sórí bébà, ẹ jókòó ti nọ́ọ̀sì, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: lẹ́yìn ìpàdé yìí, kí lẹ fẹ́ kí ìyá tó ń dáná nílé máa ṣe tí kò ṣe tẹ́lẹ̀? Bó bá ní "kí wọ́n ṣáà ní ìmọ̀," ẹ tún un bi. Lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdáhùn tó wúlò kì í sábà ju mẹ́ta lọ: kí olúkúlùkù lọ yẹ BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ wò, kí iyọ̀ àti magí dín kù nínú ọbẹ̀, kí ẹni tó ń lo oògùn má fúnra rẹ̀ dá a dúró.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá pín ìpínrọ̀ mẹ́tàlélógún náà. Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí kó tó yéni, ti síláìdì nìyẹn: bí a ti ń jókòó nígbà tí wọ́n bá ń yẹ BP wò, bí iyọ̀ ọjọ́ kan ti pọ̀ tó nínú ṣíbí, ibi tí wọ́n ń kọ iye sodium (èròjà kan nínú iyọ̀) sí lára ọ̀rá oúnjẹ. Ohun tó jẹ́ àlàyé, bíi ìdí tí iyọ̀ fi ń dá omi dúró sára tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fi ń ga, ti ẹnu ni. Àkójọ gígùn, orúkọ oúnjẹ, orúkọ oògùn, ti bébà tí wọ́n máa mú lọ sílé ni. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "ojú", "ẹnu" tàbí "bébà" sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe é tán, á rí i pé kò sí ohun tó sọ nù nínú iṣẹ́ òun, ìjà á sì parí.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí ló ní "síláìdì mẹ́wàá, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Òfin Guy Kawasaki ni, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń fi owó ti ilé iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn: síláìdì 10, ìṣẹ́jú 20, kí ìwọ̀n lẹ́tà má kéré sí 30. Àwọn tó ń wá owó lọ sọ́dọ̀ olùdókòwò ló ṣe é fún. Irú wọn ń bá ènìyàn díẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan, gbogbo àwọn tó jókòó ló mọ̀wé, gbogbo wọn ló sì mọ ohun tí wọ́n wá gbọ́. Ìpàdé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ti ti Mararaba wọkọ̀, ó ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, ó dé lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, jígí ojú rẹ̀ sì wà nílé.

Lẹ́tà 30 yẹn ni mo fara mọ́ pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá gba 30, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ má dín lẹ́tà. Àmọ́ kíka iye síláìdì kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wo bí a ti ń yẹ BP wò: kí ènìyàn ti tọ̀; kó má ti mu kọfí tàbí sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún; kó fẹ̀yìn ti àga; kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kó má ká ẹsẹ̀ léra; kó gbé apá lé tábìlì, kí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ọkàn; kó má sì sọ̀rọ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan lè gba síláìdì kan, kí ó má sì lò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ. Síláìdì iyọ̀ kan ṣoṣo sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, torí ọ̀rọ̀ magí máa ń di àríyànjiyàn láàárín tọkọtaya lójú gbogbo ìjọ. Ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa kà.

Ẹnì kan láti Kaduna kò gbà fún mi. Ó ní òun máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí ojú síláìdì, òun á sì kà á sókè, nítorí àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Mo gbọ́ ìfẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Richard Mayer, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara, ti fi ọ̀pọ̀ ìdánwò hàn pé bí àwòrán bá wà níwájú ènìyàn tí ohùn sì ń ṣàlàyé rẹ̀, títún ọ̀rọ̀ kan náà kọ sójú àwòrán ń dín ohun tó máa yé onítọ̀hún kù ni. Ojú á fi àwòrán sílẹ̀, á máa sá tẹ̀ lé lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni etí ń gbọ́ ohun kan náà ní ìwọ̀n eré tó yàtọ̀. Bí ojú àgbà kò bá ríran, lẹ́tà ńlá àti ohùn ketekete ni oògùn rẹ̀. Ibi tí mo ti gbà fún ará Kaduna ni ti àwọn tí Yorùbá kì í ṣe èdè àkọ́kọ́ wọn, àwọn ọkọ àti ìyàwó tó jẹ́ Hausa, Tiv tàbí Gbagyi tó ń bá wa jókòó. Ọ̀rọ̀ pàtàkì méjì mẹ́ta lára ògiri ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

* * *

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí a dúró síbẹ̀. Bí a bá ń gé àpilẹ̀kọ ìlera kúrú, kí ló kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀? "Bí dókítà bá gbà á." "Àyàfi aláboyún." "Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́." Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí máa ń jọ àfikún lásán lójú ẹni tó ń tún síláìdì ṣe. Á yọ wọ́n kí ojú rẹ̀ lè mọ́. "Ó lè dín ìfúnpá kù díẹ̀ fún àwọn kan" á wá di "Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru." Kò sẹ́ni tó gbèrò láti parọ́, síbẹ̀ irọ́ ti wà lára ògiri.

Ní Lugbe, ìyá kan mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá. Fọ́tò síláìdì kan ló wà níbẹ̀, tí ẹnì kan yà níbi ìpàdé kan tí ìyá náà kò tilẹ̀ lọ: "Ọsàn wẹ́wẹ́ ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ." Ó ti dá oògùn tí dókítà kọ fún un dúró. A wá ẹni tó ṣe síláìdì náà, a sì rí àpilẹ̀kọ tó ti mú un jáde. Ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ ni pé kí ènìyàn fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọbẹ̀ kó lè dùn láìfi iyọ̀ púpọ̀ sí i, kó sì máa bá oògùn rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn tó dára ni! Ọ̀nà ni ìdajì rẹ̀ ti sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ mìíràn tì í, torí ó kan iyọ̀ tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde pé àgbàlagbà lè fi iyọ̀ tí wọ́n ti fi potassium, èròjà mìíràn, rọ́pò apá kan sodium rẹ̀ dípò iyọ̀ tí a mọ̀. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé ìmọ̀ràn náà kò kan aláboyún, kò kan ọmọdé, kò sì kan ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn tàbí tó ní ohun mìíràn tí kì í jẹ́ kí potassium jáde lára dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé potassium tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè da lílù ọkàn rú. Ẹ wá kọ ọ́ sí síláìdì pé "Ẹ lo iyọ̀ potassium." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó mọ́, ó rẹwà. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn tí ìmọ̀ràn náà lè pa lára ló ṣeé ṣe kí wọ́n jókòó síwájú, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń jẹ lọ́kàn jù.

Ẹ ó ní ẹnu olùsọ̀rọ̀ á ṣàlàyé. Ní ibi tí a wà yìí, kò sí síláìdì tó ń dúró nínú gbọ̀ngàn. Fóònù ti gòkè kí olùsọ̀rọ̀ tó la ẹnu. Kí ìpàdé tó tú, fọ́tò ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Kabba, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó ní Ìlọrin, àlàyé tí ẹ fi ẹnu ṣe kò sì bá a lọ. Òfin tí mo wá fi ń ṣiṣẹ́ ni pé kí síláìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ òtítọ́ bó bá tilẹ̀ dá wà. Ẹ mú un kúrò láàárín àwọn yòókù, ẹ fi han ẹni tí kò wá sí ìpàdé, kí ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá lè pa á lára, síláìdì yẹn kò tíì parí.

Àwọn tó gbọ́n jù wá lọ pàápàá ti kó sínú ọ̀fìn yìí. Ní 2003, ọkọ̀ Columbia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tú ká nígbà tó ń bọ̀ wálé láti gbalasa òfurufú, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Nígbà tó ṣì wà lókè, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ti fi síláìdì ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá nípa fóòmù tó já lu ọkọ̀ náà nígbà tó ń gbéra. Àkọlé síláìdì náà fini lọ́kàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà tó kéré jù, ni wọ́n kọ nọ́ńbà méjì sí, 1,920 àti 3: fóòmù tó já lu ọkọ̀ fi ìlọ́po tó ju 600 tóbi ju èyí tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò rí. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà mẹ́nu ba síláìdì yìí nínú ìròyìn wọn. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

* * *

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Gwagwalada (kì í ṣe ti ìbéèrè àkọ́kọ́) bi mí ní ohun tó yẹ kí a bi mí: "Bí a bá ní kí a máa fi 'àyàfi' àti 'bí' sí gbogbo síláìdì, ṣé a ò tíì padà sí ìpínrọ̀ mẹ́tàlélógún?"

Rárá, ìyá wa. Ibi tí àyè ń ṣòfò sí ni àkọlé. Ọ̀pọ̀ wa ń kọ àkọlé tí kò sọ nǹkan kan: "IYỌ̀: OHUN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀." Lẹ́yìn náà la ó wá to kókó mẹ́fà sísàlẹ̀ rẹ̀. Michael Alley, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Penn State, ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ pé kí àkọlé jẹ́ gbólóhùn kíkún tó sọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n gbà, kí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí tí ojú lè rí. Gbólóhùn kíkún ní àyè fún "bí" àti "àyàfi". Kókó ọlọ́rọ̀-méjì kò ní in. Ẹ wo bó ṣe ń rí.

Àpilẹ̀kọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ tó giramu 5, kò kún ṣíbí tíì kan, àti pé èyí tó fara pamọ́ sínú oúnjẹ wà nínú iye náà. Àkọlé mi: "Gbogbo iyọ̀ òòjọ́ àgbàlagbà kan, pẹ̀lú ti magí àti búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ kún ṣíbí tíì kan." Ìsàlẹ̀ rẹ̀: fọ́tò ṣíbí tíì, magí kan àti gígé búrẹ́dì lórí tábìlì. Ó tán.

Lórí iye BP, èyí tí mò ń rí káàkiri ni "140/90 = Ẹ̀JẸ̀ RÍRU." Ọ̀rọ̀ méjì ló ti sọ nù níbẹ̀. Èkíní, kì í ṣe ìgbà tí nọ́ńbà méjèèjì bá ga nìkan. Ọ̀kan nínú wọn tó. Èkejì, ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi pe ènìyàn ní aláìsàn, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àkàsọ̀ gbọ̀ngàn. Tèmi: "Bí ti òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà." Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń fi síláìdì kan tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ: "Bó bá tó 180/120, tí àyà ń dunni, tí èémí ń há, tí ojú ń ṣú tàbí tí apá kan ara ń kú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀." Èyí gùn, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó gùn.

Ọ̀kan tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ràn jù ni ti ara ọ̀rá oúnjẹ. Sodium ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, kì í sábà jẹ́ iyọ̀, torí náà ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ fi 2.5 sọ sodium di púpọ̀, ẹ ti rí iyọ̀ nìyẹn. Bí ọ̀rá nudù kan bá ní sodium 800 mg, giramu 2 iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ku giramu 3 péré fún gbogbo oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Ẹ gbé ọ̀rá tòótọ́ lọ sí ìpàdé, kí ọmọ ilé-ìwé kan ṣe ìṣirò náà lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí àwòrán tó dùn ún wò tó ìyẹn.

* * *

Ní ti àwòrán: ẹni tó ní kí a fi fọ́tò ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù síbẹ̀ "kí ẹ̀rù lè bà wọ́n," mi ò bá a lọ níbẹ̀ rárá. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti gbé irú rẹ̀ jáde. Àwọn obìnrin gbé ojú sílẹ̀, ẹnì kan ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," olùsọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó wo ògiri mọ́ títí ó fi kúrò lórí síláìdì náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aláìsàn yẹn ní ẹbí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé e ká, bó ti wù kó pẹ́ tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwòrán tó bá wá láti òkèèrè náà kì í ṣiṣẹ́ tó bí a ti rò. Àwo ewébẹ̀ tútù tí a kò jẹ rí, òyìnbó tó ń sáré létí òkun: àwọn tó jókòó á gbà pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹ mú fóònù yín lọ sí ọjà Wuse tàbí ọjà Kubwa. Ẹ ya ẹ̀fọ́, ẹja, kárọ́ọ̀tì tó ti Jos wá. Ẹ ya kílíṣí àti sùyà pẹ̀lú yàjì orí rẹ̀, torí iyọ̀ wà nínú yàjì, gbogbo wa ló sì ń rà á nírọ̀lẹ́. Fún jíjókòó yẹ BP wò, ẹ bẹ ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ kó jókòó fún fọ́tò. Bí wọ́n bá rí ojú ẹni tí wọ́n mọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á jí. Bí ẹ bá nílò àwòrán àlàyé, ọ̀pọ̀ ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ní ìwé àṣẹ Creative Commons, tó gba lílò tí kò mówó wọlé bí ẹ bá ti dárúkọ ibi tí ẹ ti mú un.

* * *

Olùkọ́ kan láti Jos ní kí a yọ àmì ohùn kúrò torí kọ̀ǹpútà máa ń bà á jẹ́. Mo mọ ohun tó rí: àmì máa ń fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ọwọ́ fọ́ǹtì (irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) ni ẹ̀bi wà. Ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n tí a bá tún fi àmì ohùn lé wọn, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, lẹ́tà méjì tí a so pọ̀ ni. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa kò mọ bó ṣe máa so wọ́n. Noto Sans, Andika, Charis SIL àti Gentium ń so wọ́n dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sí àárín ìlà kí àmì òkè má bàa lu ìlà tó wà lókè rẹ̀, ẹ má sì fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo àkọlé. Bí ẹ bá máa lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ sọ fáìlì di PDF kí ẹ tó gbé e lọ, torí fọ́ǹtì á bá a rìn.

Àwọn àgbà wa tó ń ka Bíbélì àti ìwé ìròyìn Yorùbá mọ àmì yẹn, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n kà á wẹ́rẹ́. Fún àwọn ọmọ tí a bí sí Abuja tí kò lè ka Yorùbá dáadáa, mo máa ń kọ bébà ilé ní èdè méjèèjì. Síláìdì á wà ní Yorùbá, nọ́ńbà á wà bí nọ́ńbà, orúkọ oògùn á sì wà bó ṣe wà lára páálí rẹ̀.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Zuba ní abẹ́ kánópì ni ìpàdé àwọn, ní ọ̀sán gangan, ó sì ń béèrè irú projector tó yẹ kí àwọn rà. Ẹ má ra nǹkan kan. Oòrùn oṣù kẹta ní Abuja á borí projector ẹgbẹ́, iná á tún lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ á sì bo ohùn olùsọ̀rọ̀. Ẹ tẹ síláìdì yín sórí páálí ńlá, kí ẹnì kan máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ tẹ èyí tó ṣe pàtàkì jù sórí flex kí ẹ gbé e kọ́ fún gbogbo ọdún. Gbólóhùn kan lókè, àwòrán kan nísàlẹ̀: ohun tí mo ti ń wí láti òwúrọ̀ yìí bá páálí mu bó ti bá ògiri mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gbọ̀ngàn, ẹ lọ wo projector náà ṣáájú. Ti àtijọ́ ń lo okùn VGA, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ojú rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ṣì ń gbé àwòrán jáde ní 4:3 (fífẹ̀ 4 sí gíga 3), bẹ́ẹ̀ PowerPoint ti ń fi 16:9 bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2013, torí náà àwòrán yín á kéré sí i, á fi dúdú sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí ló dé tí a ń da ara wa láàmú, pé kí a da àpilẹ̀kọ náà fún AI, pé á ti ṣe síláìdì kí a tó mu omi tán. Mi ò tako lílò rẹ̀. Ó máa ń ràn mí lọ́wọ́ láti rí ètò tí mi ò ronú kàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ní kó ṣe ni gígé kúrú, níbi tí "àyàfi" ti ń bọ́ sílẹ̀ gan-an. Bó bá gbé e fún yín, kí ẹni méjì jókòó: ọ̀kan ń ka síláìdì, èkejì ń fi ìka tọ ibi tí gbólóhùn náà wà nínú àpilẹ̀kọ nọ́ọ̀sì. Èyí tí ìka kò bá rí ibi tọ́ka sí, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá wà nínú àpilẹ̀kọ pẹ̀lú "bí" tí "bí" náà kò sì sí nínú síláìdì, ẹ dá a padà. Àmì ohùn rẹ̀ náà, ẹ má gbà á gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

* * *

Ará Kubwa ti padà wá. Ó ní òun àti nọ́ọ̀sì jókòó, síláìdì ti di mẹ́sàn-án, bébà ilé kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i, àmọ́ ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn fi síláìdì ṣọwọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ṣáájú ìpàdé kí àwọn èèyàn lè ti kà á.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì. Ẹ má fi síláìdì ṣáájú. Ẹni tó bá ti rí i ní ilé kò ní fiyè sí i ní gbọ̀ngàn. Ohun tí ẹ lè fi ṣáájú ni ìkéde kan: kí ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mú páálí rẹ̀ dání, kí nọ́ọ̀sì lè bá a wò ó lẹ́yìn ìpàdé. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ fi àpilẹ̀kọ olójú-ewé mẹ́rin náà àti síláìdì sínú PDF kan ṣoṣo, kí àpilẹ̀kọ wà níwájú. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá rí i lọ́dún mẹ́ta sí i lè mọ ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ àti ẹni tó lè bi. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ ayẹ̀fúnpá kan, ẹ gbé tábìlì rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń gbà jáde, jìnnà sí gbohùngbohùn, kí àga náà ní ẹ̀yìn.